Bí Àwọn Ọmọ Tó Há Ìwé Sórí Ṣe Di Ọmọ Tó Ń Kàwé: Ìrírí Mi

Ọmọbìnrin kan ló là mí lójú. Kíláàsì kẹta ló wà, ohùn rẹ̀ ló sì máa ń ròkè jù nígbà tí gbogbo wa bá ń kàwé pọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, mo ní kó ka ẹ̀kọ́ kẹfà fún mi. Ó kà á láti òkè délẹ̀, kò ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan pè. Mo ti ń yìn ín kí n tó bojú wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ keje ló ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Mo bá a ṣí ẹ̀kọ́ kẹfà, mo fi ìka sí ọ̀rọ̀ kan láàárín gbólóhùn kẹta: ilẹ̀kùn. Mo ní, "Kí ni wọ́n kọ síbí?" Ó wo ìka mi, ó wo ojú mi, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lábẹ́ ètè, ó ń fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń lọ. Ìka rẹ̀ sáré ju ẹnu rẹ̀ lọ. "Fèrèsé ni, mà."

Ọdún 11 ni mo ti ń kọ́ni nígbà náà. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà ni mo ṣe ń kọ́ wọn: mo á kà, mo á ní "ẹ tẹ̀ lé mi," wọ́n á tẹ̀ lé mi, ariwo á sọ, inú gbogbo wa á dùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, mo pe àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọ gbólóhùn tí wọn kò rí rí fún wọn. Nínú ọmọ 38, àwọn 9 péré ló kà á. Àwọn yòókù ń lo etí àti ọpọlọ tó pé láti ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí ojú wọn máa bá wọn ṣe. Ó dùn mí gan-an, nítorí kò sí ọ̀lẹ kan nínú wọn. Iṣẹ́ tí mo fún wọn ni wọ́n ń ṣe.

Mo fọ̀rọ̀ lọ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́. Kò gbà mí nímọ̀ràn rárá. Ó kàn kó àwọn àbọ̀ ìwádìí fún mi, ó ní kí n kà wọ́n pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Bí mo ṣe kà wọ́n, tí mo sì lò wọ́n, ni mo fẹ́ ròyìn níbí, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló wà nínú ipò tí mo wà yẹn.

Àkọ́kọ́ ni àbọ̀ tí ìgbìmọ̀ National Reading Panel gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2000. Wọ́n yẹ ọ̀pọ̀ ìwádìí wò, nǹkan márùn-ún ni wọ́n sì tọ́ka sí: kí etí ọmọ lè ya àwọn ìró inú ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, kó mọ lẹ́tà tó dúró fún ìró kọ̀ọ̀kan, kó lè kàwé geere, kí ọ̀rọ̀ tó mọ̀ pọ̀, kí ohun tó kà sì yé e. Mo wo iṣẹ́ mi mọ́ ọn, mo rí i pé méjì àkọ́kọ́ ni mo ń fò dá. Mo ń bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹta.

Ìkejì ni ti Philip Gough àti William Tunmer, lọ́dún 1986. Wọ́n ní ìsọdipúpọ̀ ni òye ìwé kíkà: agbára láti sọ lẹ́tà di ọ̀rọ̀, lọ́nà bí èdè náà ṣe yéni tó tí a bá gbọ́ ọ létí. Kì í ṣe àròpọ̀. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá jẹ́ òdo, òdo ni ìdáhùn. Mo gbé ìwé yẹn sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ nígbà tí mo ka ibẹ̀. Àwọn ọmọ mi gbọ́ Yorùbá. Wọ́n lè ròyìn, wọ́n lè jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ibi tí òdo wà hàn kedere.

Ìkẹta ni iṣẹ́ àjọ Pratham ní Íńdíà. Wọ́n máa ń fi ìwé pélébé kan dán ọmọ wò: lẹ́tà, ọ̀rọ̀, ìpínrọ̀ kékeré, ìtàn. Ibi tí ọmọ bá ti kọsẹ̀ ni wọ́n ti ń bá a bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ kíláàsì kẹta ló wà, ì báà jẹ́ ìkarùn-ún. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, tí wọ́n wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé lọ́dún 2019, wà lára àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí ọ̀nà yìí, tí wọ́n ń fi ilé-ìwé tó ń lò ó wé èyí tí kò lò ó. Ohun tí mo fàlà sí lábẹ́ níbẹ̀ ni pé ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n bá ti ya àkókò kan sọ́tọ̀ fún un lóòótọ́. Níbi tí wọ́n ti kàn dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n sì kó ìwé fún un lásán, nǹkan kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ọ̀pọ̀ ohun tí mo kà ló dá lórí Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló sì yẹ kí olùkọ́ Yorùbá ti ṣọ́ra. Philip Seymour, Mikko Aro àti Jane Erskine gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2003 lórí àwọn ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà nílẹ̀ Yúróòpù. Nígbà tí ọdún àkọ́kọ́ fi máa parí, àwọn ọmọ tó ń ka èdè Finland, èdè Gíríìkì tàbí ti Ítálì ń ka ohun tó lé ní 90 nínú 100 ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ láìṣìnà. Àwọn tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì kò ju nǹkan bí 34 lọ. Kì í ṣe pé orí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kò pé. Bí wọ́n ṣe ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ló lọ́ mọ́ra. Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà 25 ni tiwa, bí a ṣe kọ ọ́ náà la ṣe ń pè é níbi tó pọ̀ jù. Nítorí náà, mo yọ ìmọ̀ràn pé kí ọmọ máa fi ojú mọ odindi ọ̀rọ̀ kúrò nínú ètò mi pátápátá. Ìyẹn gan-an ló bí wàhálà tí mo fẹ́ yanjú.

Mo sì rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún 6 gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tó dá dúró. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn ló kì mí láyà nígbà tí àwọn òbí kan ń bi mí pé kí nìdí tí mo fi ń fi àkókò ṣòfò lórí Yorùbá kíkà.

Àyẹ̀wò ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo kọ ìwé pélébé tèmi ní ìpele mẹ́rin bíi ti Pratham, mo sì fi ìlà kan kún un: ọ̀rọ̀ tí kò sí. Mo kọ bùfẹ́, tọ̀gí, wẹ́bà. Ọmọ tó há ọ̀rọ̀ sórí kò ní ibì kankan tó máa ti mú irú èyí wá. Àfi kó kà á. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí àwọn tó kù má baà gbọ́ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ kà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo ń lò fún ọmọ kan. Ọmọkùnrin kan wo ìlà náà, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, kò sí nǹkan tó ń jẹ́ tọ̀gí." Mo ní, "Báwo lo ṣe mọ̀ pé tọ̀gí ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti kà á.

Mo wá lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé wa. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wákàtí kan péré lóòjọ́, kíláàsì kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún, kí a pín àwọn ọmọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe lè kàwé sí." Ohun tó bà á lẹ́rù ni pé àwọn tó ń bẹ ilé-ìwé wò lè dé láìbá ọmọ kíláàsì karùn-ún ní yàrá wọn. Mo fi àbájáde àyẹ̀wò hàn án, ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ibi tó ti kọsẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní ká gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 10.

Ìyá tó ń kọ́ kíláàsì karùn-ún ni kò gbà. Wọ́n dàgbà jù mí lọ dáadáa, n kò sì lè bá wọn jiyàn. Wọ́n ní, "Ṣé kí ọmọ ọdún mọ́kànlá wá jókòó ti ọmọ ọdún mẹ́jọ ni? Ojú á tì í, kò sì ní kàwé náà." Òótọ́ ni wọ́n sọ, kò sì sí nínú gbogbo ohun tí mo kà. Àwa mẹ́ta jókòó tún un rò. A kò fi nọ́ńbà pe ẹgbẹ́ kankan. Orúkọ ẹyẹ la fún wọn: Àdàbà, Lékèélékèé, Odídẹrẹ́, Àṣá. Gbogbo ọmọ ló ń dìde kúrò ní kíláàsì tirẹ̀ nígbà tí agogo bá lù, kò sẹ́ni tó ń jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi dà bíi pé wọ́n lé àwọn kan padà sẹ́yìn. Ìyá náà ló gba àwọn Àdàbà, ìyẹn àwọn tí kò tíì mọ lẹ́tà, nítorí wọ́n ní àwọn ló máa mọ bí wọ́n ṣe ń bo ojú ọmọ tó dàgbà. N kò rí ẹni tó ṣe é bíi tiwọn.

Mo gba àwọn Lékèélékèé, àwọn tó mọ lẹ́tà ṣùgbọ́n tí wọn kò lè ka ọ̀rọ̀. Ìṣòro tí mo kọ́kọ́ bá pàdé ni orúkọ lẹ́tà. A máa ń kọ́ wọn pé a, bí, dí, e, ẹ, fí. Ọmọ á wá wo b àti a, á ní "bí-a, bía." Ó wo t àti a, ó ní "tía." Ohun tí a kọ́ ọ ló ń sọ. Mo fi orúkọ lẹ́tà sílẹ̀ ná, mo gbájú mọ́ ìró.

Ẹ̀yà sílébù tiwa rọrùn: fáwẹ̀lì nìkan, tàbí kọ́ńsónáǹtì kan àti fáwẹ̀lì kan, tàbí m àti n tó ń dá dúró. Kọ́ńsónáǹtì méjì kì í tẹ̀ léra wọn nínú sílébù kan, òun náà kì í sì parí sílébù. Nítorí náà, n kò fi dandan lé e pé kí ọmọ máa pe b lóun nìkan, èyí tó nira fún ẹnu, bí àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe. Etí la fi bẹ̀rẹ̀, láìsí ìwé, láìsí ṣọ́ọ̀kì. A ń pàtẹ́wọ́ sí sílébù: i-lẹ̀-kùn, ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, mo á ní, "Mo ní fà. Mo yọ f, mo fi d síbẹ̀." Wọ́n á ní, "Dà!" "T ńkọ́?" "Tà!" "R?" "Rà!" "K?" Ọmọ kan ní ọjọ́ kẹta pariwo "Kà!" kí n tó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn èyí ni mo tó kọ ọ́ sójú pátákó, kí ojú wọn rí ohun tí etí wọn ti mọ̀.

N kò tẹ̀ lé a, b, d. Fáwẹ̀lì a, i, e, o, u ni mo fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú b, l, t, k, w, nítorí wọ́n ń tètè di ọ̀rọ̀. Mo fún ẹ àti ọ ní ọ̀sẹ̀ tiwọn. Àmì kékeré abẹ́ wọn yẹn ni ojú ọmọ máa ń fò. Ní ti gb, mo kọ ọ́ sórí ẹyọ páálí kan ṣoṣo, n kò sì jẹ́ kí wọ́n fi páálí g àti páálí b tò ó, kó má baà di "gí-bí." Ibi tó tún gba sùúrù ni an àti ọn. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ ń pè wọ́n, àmọ́ ìtàn la ń kọ, ìbọn la sì ń kọ. Mo kó ọ̀rọ̀ jọ fún wọn, mo ní kí wọ́n wo lẹ́tà tó ṣáájú: ìbọn, àgbọn, pọ́n, wọ́n. Àwọn fúnra wọn ló sọ pé ibi tí ètè bá ti ṣiṣẹ́ ni ọn ń tẹ̀ lé. Inú mi dùn sí i ju bí mo bá ti sọ ọ́ fún wọn lọ.

Ní ti ohùn, àṣìṣe ńlá ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo rò pé àmì ohùn á ti pọ̀ jù fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mo sì yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ohun tí mo kọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ kan dé orí igba, láìsí àmì. Ó dúró. Ó ní, "Igbá ni àbí ìgbà?" Ó wo ojú mi bóyá mo máa fọgbọ́n tọ́ka sí i. Ojú yẹn ni mo fi mọ̀ pé mo ti dá a padà sí ibi tí mo ti yọ ọ́. Ó tún ń méfò. Àbọ̀ ìwádìí Amẹ́ríkà kò lè kìlọ̀ fún mi nípa èyí, nítorí Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohùn bíi tiwa. Ìmọ̀ pé lẹ́tà gbọ́dọ̀ bá ìró mu ni mo gbà lọ́wọ́ wọn. Èmi ni mo gbàgbé pé ìró ni ohùn.

Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Etí náà ni mo fi ṣáájú: dò lulẹ̀, re láyà, mí lókè orí, ọwọ́ ọmọ á máa tẹ̀ lé e. Mo á fi imú kọ ọ̀rọ̀ láìla ẹnu, wọ́n á fi ọwọ́ dáhùn. Igbá, re-mí. Ìgbà, dò-dò. Igba, re-re. Igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, re-dò. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, mo kọ àmì sókè ọ̀rọ̀, mo ní ọwọ́ wọn nìyẹn lórí ìwé: èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀, èyí tó ń gòkè, àti re tí a kì í fi àmì sí. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó yé wọn. Gbogbo ẹ̀rù tí ó ti ń bà mí, asán ni.

Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ lójoojúmọ́ jẹ́ ti lẹ́tà ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Láti ìgbà Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì tó ṣèwádìí lórí bí a ṣe ń rántí nǹkan, lọ́dún 1885 ni wọ́n ti mọ̀ pé ohun tí a bá padà sí lẹ́yìn àlàfo máa ń dúró pẹ́ ju èyí tí a kó jọ lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí ẹgbẹ́ mi dé orí ìpínrọ̀, mo lo ohun tí S. Jay Samuels kọ lọ́dún 1979 nípa kíka ìwé kékeré kan ní àkàtúnkà. Mo pín wọn ní méjì-méjì, ọ̀kan ń kà, èkejì ń fi ìka tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo mú aago sí i lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo sì tètè gbé e kúrò. Wọ́n ń sáré, ohùn ń parẹ́ lẹ́nu wọn.

Àkàyé náà kọ́ mi lọ́gbọ́n kan. Donna Recht àti Lauren Leslie, lọ́dún 1988, fún ọmọ 64 ní ìwé kan nípa eré baseball. Àwọn tí ìwé kíkà nira fún ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ eré náà dáadáa ròyìn rẹ̀ ju àwọn tó mọ̀wé kà ṣùgbọ́n tí wọn kò mọ eré náà lọ. Mo kọ ìpínrọ̀ kan nípa télọ̀ tó ń wọn èjìká, tó ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára aṣọ kó tó gé e. Ọmọbìnrin kan tí kíkà rẹ̀ ṣì ń já lẹ́nu rẹ̀ ló ṣàlàyé ìdí tí télọ̀ fi ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà. Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ. Àwọn tó ń kà geere ń wò ó. Láti ọjọ́ yẹn, kí a tó ṣí ìwé, a máa ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 10, mo kọ ìwé àyẹ̀wò tuntun, mo tún jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nínú ọmọ 38 tèmi, 26 ló ka ìpínrọ̀ tí wọn kò rí rí. N kò ní kíláàsì mìíràn tí mo lè fi wé e, nítorí náà n kò lè sọ iye tó jẹ́ ti ọ̀nà tí a gbà àti iye tó jẹ́ ti àfikún àkókò tí a fún wọn. Ọmọbìnrin ọjọ́ kìíní wà lára wọn. Kò sáré mọ́. Ó ń dúró lórí ọ̀rọ̀ tó bá le, ó ń fi imú kọ ohùn rẹ̀ kó tó la ẹnu.

Ọmọ mẹ́rin kò kúrò lójú kan. Ọ̀kan nínú wọn ni kò jẹ́ kí n sùn. Nígbà tí mo jókòó tì í lọ́dẹ̀dẹ̀, láìsí ariwo ẹlòmíràn, ni mo tó rí i pé ó ń gbé ìwé sún mọ́ ojú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú. Ọdún méjì ló ti ń jókòó sẹ́yìn ní kíláàsì wa, ọdún méjì la sì ti ń pè é ní ọ̀lẹ. Mo lọ bá àwọn òbí rẹ̀ nílé, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn àti lọ́wọ́ òun náà. Báyìí, ojú ọmọ ni mo máa ń yẹ̀ wò kí n tó gbé lẹ́tà kankan síwájú rẹ̀.

Wọ́n ti bá a ra awò. Ó ti kúrò lẹ́yìn, iwájú tábìlì mi ló ń jókòó, a sì jọ ń lo ogún ìṣẹ́jú pọ̀ lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti lọ. A ti parí gb. Lánàá, ó kọ ìṣu sójú pátákó, ó wò ó, ó nu àmì dò orí i kúrò fúnra rẹ̀, ó fi ọwọ́ sí àyà, lẹ́yìn náà ó mú un wálẹ̀, ó kọ iṣu, ó gbé ṣọ́ọ̀kì sókè láti fi àmì sórí u, ó sì ń rò ó.